Ta Ló Sọ Orúkọ Ẹyẹ Mi fún Ọlọ́jà?

Má ní kí n jókòó, Edmund! Mi ò jókòó! Èmi Saridjem, opó Wagiman, lo yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́yẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lánàá, tẹ́ ẹ wá ní kí n má gbé ẹyẹ twatwa ọkọ mi wá síbi ìdíje orin lọ́jọ́ Àìkú? Ẹyẹ tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, tó ń súfèé sí létí láràárọ̀ títí tó fi kú! Nítorí ímeèlì tẹ́nikẹ́ni ò béèrè fún, tó ń polówó oúnjẹ ẹyẹ! Ẹ ní èmi ni mo tú àdírẹ́sì yín síta, torí pé mò ń ta oúnjẹ ẹyẹ lẹ́nu ọ̀nà mi. Háà! Tí mo bá fẹ́ tajà fún yín, ṣé mi ò lẹ́nu ni?

Ṣebí èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn! Mo ní ẹ má fèsì, ẹ má tẹ ohunkóhun, ẹ má rà á, ká kọ́kọ́ wádìí ibi tó ti jò. Ta ló gbọ́? Nínú ẹgbẹ́ wa, Roël ní òun máa bú àwọn tó ń fi ímeèlì náà ránṣẹ́. Ó bú wọn tán, wọ́n bá ń fi méjìlá ránṣẹ́ sí i lójúmọ́. Harold ní ká kàn máa pa á rẹ́. Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ? O dákẹ́ lọ gbári. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló kọ mí lóminú.

Torí ímeèlì yẹn ò fi orúkọ wa kí wa. "Mati ọ̀wọ́n" ló kọ sí mi. Ṣé èmi ni Mati? Ẹyẹ mi ni Mati! Orúkọ ẹyẹ Roël ni wọ́n fi kí òun náà. Níbo ni orúkọ ẹyẹ àti àdírẹ́sì ti wà pa pọ̀, bí kò ṣe nínú ìwé ẹgbẹ́? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ẹ̀n-ẹ́n, má mirí. O fẹ́ sọ pé ẹnì kan jí i wò, àbí?

O rántí Ọjọ́rú tí mo kọ̀wé sí ẹ, pé mo ti yí orúkọ ẹyẹ mi padà, pé Kokriki ló ń jẹ́ báyìí? Irọ́ ni! Mati ló ń jẹ́ títí dòní. Ìwọ nìkan ni mo pa irọ́ yẹn fún. Mi ò sọ fún aládùúgbò, mi ò tiẹ̀ sọ fún ẹyẹ náà fúnra rẹ̀! Wá wo fóònù mi. Ti àárọ̀ yìí ni. Ka ìlà àkọ́kọ́. Kà á sókè!

Gbé e wá! Èmi á kà á fún ẹ: "Kokriki ọ̀wọ́n."

Áà, Edmund! Ìwọ tí Wagiman ń pè ní àbúrò! Ìwọ tó jẹ oúnjẹ bami nílé wa tó tún bù kún un! Ó dùn mí, ó dùn mí wọra.

Mi ò ní pariwo síta. Ìwọ ni wàá jókòó. Jókòó síbẹ̀, kọ ọ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lójú mi: "Èmi ni, kì í ṣe Saridjem." Kó o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Mati ń bọ̀ wá kọrin lọ́jọ́ Àìkú.

Mo dúró. Bẹ̀rẹ̀.