Àga Táíwò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrè Kẹ́yìndé

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè gun àtẹ̀gùn láìdúró mí… ẹ gbọ́, mo jó nínú Woolwich yìí, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo jó, mo sì mú kí àwọn ẹlòmíràn jó. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Dẹ́bọ́rà, gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi, ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́.

O ní ṣé lóòótọ́ ni bàbá àgbà rẹ fọn fèrè. O ní nínú gbogbo ọdún tí o fi mọ̀ ọ́n, o kò rí i kí ó gbé fèrè sẹ́nu. Òtítọ́ ni. Kí wọ́n tó bí ọ ni fèrè náà ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wọ kóòtù funfun nínú àwòrán tí o mú wá yìí, Kẹ́yìndé nìyẹn, ọ̀gá báńdì. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú máràkà, ṣẹ́rẹ́ àwọn ará Kúbà, lọ́wọ́. Ẹ kò dá mi mọ̀? Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni mí! Ó tó, ẹ̀rín yín ti pọ̀ jù.

Ìbejì ni Kẹ́yìndé. Táíwò ni èkejì rẹ̀. Àpápá ni wọ́n ti kọ́ orin àwọn ará Kúbà, láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn atukọ̀ ń kó bọ̀: máńbò, rúńbà, ṣáṣá. Wọn kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ pé orin náà mọ àwọn. Kẹ́yìndé á fọn fèrè, Táíwò á fi ọwọ́ lu ìlù kóńgà. Nígbà tí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì ni àwọn méjèèjì ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó pàdé ní gbọ̀ngàn ijó kan lẹ́yìn ọjà Woolwich. Wọ́n ti wó o. Ilé alájà gíga ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ báyìí. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ijó ayé ìgbà náà… ẹ̀yin, iwájú fóònù ni ẹ ti ń jó. Ẹ ó jó tán, ẹ ó tún jókòó wo ara yín. Nígbà tiwa, tọkọtaya á wọlé pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Ọkùnrin á tẹrí ba kí ó tó nawọ́ sí obìnrin. Kẹ́yìndé kì í sì gba gbẹ̀rẹ́. Bí mo bá yára jù, á yọ fèrè lẹ́nu, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, máràkà ló wà lọ́wọ́ rẹ, ajọ̀ èlùbọ́ kọ́!" Gbogbo báńdì á bú sẹ́rìn-ín. Táíwò ni ẹ̀rín tirẹ̀ máa ń pẹ́ jù.

Ìyá wọn wá ṣàìsàn. Táíwò lọ tọ́jú rẹ̀ ní Èkó. Ó gbé kóńgà rẹ̀ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o. Mò ń bọ̀."

Adérónkẹ́, ìyàwó Kẹ́yìndé, ìyá àgbà rẹ nìyẹn, òun ló sọ ìyókù fún mi. Ẹ̀gbọ́n wọn pè láti ilé. Ó ní, "Kẹ́yìndé, Táíwò ti lọ sí Èkó." Èkó wo? Ṣebí Èkó náà ni Táíwò wà! Kẹ́yìndé gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Ó ti yé e. A kì í sọ pé ìbejì kú, ẹ̀yin ọmọ. A ó ní ó lọ sí Èkó. Ẹni tó bá la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, èkejì ló ń pè pé kí ó máa bọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àga Táíwò kò kúrò lórí pèpéle. Kóńgà rẹ̀ wà níwájú àga, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ohun tí a bá fún ọ̀kan nínú ìbejì, a gbọ́dọ̀ fún èkejì. Nítorí náà, bí Kẹ́yìndé bá ti dá fọn fèrè tirẹ̀ tán, á gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wa á dákẹ́. Àyè Táíwò nìyẹn, kí òun náà lu tirẹ̀. Kò gùn. Bí ẹni mí kanlẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ o. Bí orin bá dá, ṣé ẹsẹ̀ oníjó kò ní í dá? Ẹsẹ̀ wọn kò dá. Òyìnbó, ará Jàmáíkà, àwa Yorùbá… wọ́n ń jó lọ. Gbogbo bàtà ń dún papọ̀ lórí pákó, kò sí ẹni tó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Kí ni wọ́n ń jó sí? Ìyá òyìnbó kan bá mi níbi tí mo ti ń mu tíì, ó ní, "Onílù yín yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀ o. Kí ló dé tí kì í jẹ́ kí a rí òun?" Tíì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kẹ́yìndé bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kóòtù funfun náà wá fẹ̀ jù ú lọ. Bí ó sì ti ń rù, bẹ́ẹ̀ ni fèrè rẹ̀ ń dùn sí i… ohun tó bà wá lẹ́rù jù nìyẹn. Adérónkẹ́ wá bá mi nínú fúláàtì mi ní Glyndon. Mo fún un ní àga, kò jókòó.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó ń dágbére."

"Ta ló ń dágbére?"

"Ọkọ mi. Fèrè ló fi ń dágbére. Táíwò ń mú un lọ, n kò sì ní í gbà. Kí ó mú ohun gbogbo, kí ó fi ọkọ mi sílẹ̀."

A lọ bá wòlíì ìjọ wa, àwa aláṣọ funfun, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a ń lò fún ìsìn ní Nathan Way. Wòlíì wo Adérónkẹ́ títí. Ó ní, "Màmá, àga tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn kò ṣófo. Ẹ wá ẹlẹ́ran ara kí ó jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá bá ẹlòmíràn lórí ìjókòó rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ." Ó bu omi tó ti gbàdúrà sí fún un. Ó sì yan Bùrọ́dà Sámú, tó ń lu kóńgà fún akọrin, pé kí ó bá wa lọ. A kò sọ fún Kẹ́yìndé.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Adérónkẹ́ ti wọ́n omi náà sí àga kí ẹnikẹ́ni tó dé. A ṣeré, ijó gbóná, Kẹ́yìndé dá fọn fèrè, ó fọn ún débi pé omi lé sí mi lójú. Ó gbé ọwọ́ sókè. A dákẹ́. Bùrọ́dà Sámú jáde láàárín èrò, ó bọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni ń wọ inú ìjọ, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Ó lù ú dáadáa, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹsẹ̀ dúró. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Ìlù ń dún, ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tó jí lójú oorun.

Kẹ́yìndé yíjú, ó wo àga náà. Ó gbé fèrè sẹ́nu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún un gbé. Afẹ́fẹ́ lásán. Ó wá wo fèrè náà bí ẹni tí wọ́n fi ẹrù olówó ẹrù há lọ́wọ́, ó rọra gbé e sílẹ̀. Ó lọ bá Sámú, ó ní, "Bùrọ́dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún mi." Ó jókòó. Ó sì lu kóńgà.

Kẹ́yìndé kò lu kóńgà rí láyé rẹ̀! Ọlọ́wọ́ ọ̀tún sì ni. Ọwọ́ òsì ni ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ fi ń ṣáájú, bí Táíwò ti máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ àwọn oníjó tún bẹ̀rẹ̀.

Adérónkẹ́ di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. "Àbẹ̀kẹ́, ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ọkọ rẹ ni."

Àdúrà gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ wí, a sì ṣe ìdúpẹ́. Ó sanra padà. Ó wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó tọ́ àwọn ọmọ, ó gbé ìwọ Dẹ́bọ́rà jó létí omi ní Thamesmead. Báńdì tú ká. Báńdì wo ni yóò ṣe máńbò láìsí fèrè? Kò bi wá léèrè fèrè náà rí. Bí àlejò bá ti ilé wá, Adérónkẹ́ á sáré fi ṣíbí sí Kẹ́yìndé lọ́wọ́ ọ̀tún, kí àlejò má baà rí i pé òsì ló fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ tí a sin ín ní Plumstead, ìwọ náà wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ń kí Adérónkẹ́ pé, "Mummy, ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ pẹ́ lọ́dọ̀ ara yín." Ó ń dáhùn. Ó wá fi ẹnu sí mi létí, ó ní, "Èèyàn rere ni mo bá gbé, Àbẹ̀kẹ́. Èèyàn rere ni mo sì sin yìí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi… n kò tíì sin ín."

Hẹ̀n. Ayé ti yí. Ẹ̀yin kì í fẹ́ kí ibì kan dákẹ́; ẹ ti ki nǹkan bọ etí yín kí ẹ tó jáde nílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá ẹni tó fi àyè sílẹ̀ fún èèyàn rẹ̀ tó lọ, ẹ má bá a dí i. Ẹ bẹ̀rù ohun tí ẹ ó gbà padà.

Má sunkún, ọmọ mi. Ẹni tó gbé ọ jó fẹ́ràn rẹ, mo fi ojú mi rí i. Bí a bá sì pè é ní Kẹ́yìndé, ó máa ń dáhùn. Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí wọ́n pè ti gbọ́.