Ẹ̀bi Sípíkà Tí Mo Dì Ru Ìyá Akọrin

Ọkàn mi ti fúyẹ́ báyìí, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ọdún kan gbáko tí mo fi pa ẹnu mọ́, ojú ṣì ń tì mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò fún yín bí èmi, olùkọ́, bàbá ọmọ mẹ́ta, tó ń darí ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Isikan, ní Àkúrẹ́ níbí, ṣe ba àgbàlagbà lórúkọ jẹ́ nítorí ọ̀lẹ.

Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ètò tirẹ̀. Míkísà, ìyẹn pátákó tí a fi ń yí ohùn, la máa ń kọ́kọ́ tàn, ká tó wá tan ańpù tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà. Bí a bá fẹ́ pa wọ́n, ańpù la ó kọ́kọ́ pa. Ẹni tó bá tan gbogbo rẹ̀ pọ̀, sípíkà á dún gbàù, inú rẹ̀ sì lè jó. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn àtijí kùtùkùtù ọjọ́ ìsinmi, mo bá kó gbogbo wáyà sójú ẹkitẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo. Mo dé, mo tẹ bọ́tìnnì kan, iṣẹ́ parí. Bí iná bá lọ tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ á jí lẹ́ẹ̀kan náà, sípíkà á dún gbì, àwọn ọmọdé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìkórè ló ṣẹlẹ̀. Ìyá Akọrin ló di máìkì mú, opó kan, ọmọ Oǹdó, tó ti ń dá orin fún ìjọ wa kí n tó gbéyàwó. Iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, sípíkà ńlá méjèèjì dún gbàù, wọ́n sì dákẹ́ pátápátá. Òórùn wáyà tó jó gba ilé. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ pè mí, wọ́n ní kí ló dé. Àfi bí mo ṣe ní, "Ìyá Akọrin ni. Wọ́n ń fi ẹnu bo máìkì jù, ohùn wọn ti pọ̀ ju agbára sípíkà lọ." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n gbà mí gbọ́, torí ohùn Ìyá ga lóòótọ́, àti pé ta ló mọ̀ nípa ẹ̀rọ nínú wọn? Wọ́n ra sípíkà mìíràn, wọ́n sì rọra ní kí Ìyá fi máìkì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ìyá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò pẹ́, wọ́n kó lọ sílé ọmọ wọn ní Oǹdó. Orin wa wá tẹ́, gbogbo wa la mọ̀, èmi nìkan ni mo mọ ìdí rẹ̀.

Òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ló gbé mi dé Oǹdó lẹ́yìn ọdún kan. A wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, iná lọ, ó tún dé. Mo ti fi ọwọ́ di etí kí n tó mọ̀ pé ohunkóhun ò dún. Ó ṣe díẹ̀, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ìsìn parí, mo tọ ẹni tó ń darí ẹ̀rọ lọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi gáàdì méjì hàn mí, irú èyí tí a máa ń fi fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n sí nílé kí iná má bàa bà wọ́n jẹ́. Ti tẹlifíṣọ̀n kì í pẹ́ kó tó gba iná wọlé, míkísà ló fi síbẹ̀. Ti fíríìjì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó mú èyí tí agbára rẹ̀ gbé ańpù, ó sì fi ańpù síbẹ̀ kí míkísà lè ṣáájú rẹ̀ jí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún un wà, ṣùgbọ́n ó ti wọ́n jù fún wa," ló wí. "Èyí náà ń ṣiṣẹ́. Pípa nìkan ni ẹ ó máa fọwọ́ ara yín pa, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ pa ańpù."

Irú gáàdì méjèèjì wà nílé mi! Ṣé nítorí nǹkan kékeré yìí ni àgbàlagbà ṣe fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀? Mi ò lè padà sí Àkúrẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo béèrè ilé ọmọ Ìyá, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ ọmọ mi pè mí.

"Bàbá Dámilọ́lá, níbo lo ti sọ ti àkọ́kọ́?"

"Níwájú àwọn àgbà ìjọ ni, mà."

"Ibẹ̀ náà ni kó o ti lọ sọ èyí. Mo ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹnu ara mi wẹ ara mi mọ́."

Mo sọ ọ́. Àwọn àgbà ní kí n sọ ọ́ létí gbogbo ìjọ, mo tún sọ ọ́, ìyàwó mi fi gèlè bojú. Wọ́n yọ mí nídìí ẹ̀rọ, ó sì tọ́ sí mi, àmọ́ mo kọ́kọ́ fi gáàdì méjèèjì síbẹ̀. Ìyá ti padà. Ọjọ́ tí wọ́n tún gba máìkì, tí wọ́n fi gbogbo ohùn wọn dá orin, omi bọ́ lójú mi níbi tí mo jókòó sí láàárín ìjọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ kan tí àwọn tó yí yín ká ò mọ̀, ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín léèrè pé kí ló bàjẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ ni wọ́n máa gbà. Lọ́jọ́ tí mo parọ́ mọ́ Ìyá, ṣe ni àwọn àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.