Ìdábùú Ilé Ajá Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Fà

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Tí mo bá jókòó, màá sọ ọ́ bí ẹni ń pa ìtàn ẹlòmíì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ò tíì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n òtítọ́ ti lé e bá, ó sì ti gbá a lọ́rùn mú. Ẹ wo Bàbá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn, bàbá ọkọ Ìyá Télọ̀. Gbogbo yín lẹ mọ orúkọ tí àdúgbò yìí sọ wọ́n: Bàbá Ṣí-i-Sílẹ̀. Àwọn kan nínú yín máa ń pè é tán kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó pè é. Èmi tí mo mọ̀ pé orúkọ yẹn kì í ṣe tiwọn, èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ni orúkọ náà. Èmi ni mo ṣí i sílẹ̀.

Ẹ rántí pé nígbà tí ọkọ Ìyá Télọ̀ kú, ajá ńlá méjì ló fi sílẹ̀, akọ kan, abo kan, àwọn ajá tí èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbàdí ènìyàn. Okùn ni wọ́n fi ń so wọ́n, akọ sì ń já okùn bí ẹni ń já òwú. Ìyá Télọ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Bàbá Wẹ́dà, ilé ajá tó le ni mo fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é fún mi lówó pọ́ọ́kú, ẹ mọ̀ pé opó ni mí." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní a ò ní ra irin tuntun rárá. A lọ kó irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ àti irin ojú fèrèsé níbi ilé kan tí wọ́n ń wó. Mo da kọnkéré sílẹ̀, mo jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà gọ́tà kí ìtọ̀ má bàa dúró síbẹ̀. Mo ri búlọ́ọ̀kù mọ́lẹ̀ yí i ká, torí ajá tí kò bá lè fo ògiri á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Mo fi páànù bo ìdajì òkè rẹ̀, mo fi ìdajì sílẹ̀ fún oòrùn, mo sì gbé pákó tí wọ́n á máa sùn lé sókè kúrò nílẹ̀ tútù. Kódà mo gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ́ kó máa ṣí sínú, pé bí ajá bá ń tì í látinú, ńṣe ni á máa dì sí i. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀ níbí, torí ìyìn ò ní sí níwájú.

Òpó tí ilẹ̀kùn yẹn rọ̀ mọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Páìpù omi àlòkù ni, irú èyí tó ń dán bíi fàdákà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ṣẹ́ irin mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ ha ìdán yẹn kúrò kí ẹ tó jó nǹkan mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná ò ní wọ inú rẹ̀, orí ìdán lásán ló máa lẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń ha irin wà níbi iṣẹ́ mìíì, níbi géètì olówó kan. Ó yẹ kí n lọ gbé e. Ṣùgbọ́n ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé, "Iṣẹ́ opó, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?" Ọlọ́run gbọ́, ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo jó àwọn ìnjìsì méjèèjì tí ilẹ̀kùn fi ń yí mọ́ orí ìdán náà bẹ́ẹ̀, mo fi pọ́tì dí ojú rẹ̀, mo fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ó dára lójú. Ìyá Télọ̀ ń fi mí hàn fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ẹni tó mọṣẹ́ nìyí.

Bàbá ló gba iṣẹ́ fífún àwọn ajá lóúnjẹ. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ilẹ̀kùn títì ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe; àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù ńlá kan títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹrù sọnù lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn ilé ajá náà, tí wọ́n ti irin ìdábùú rẹ̀ wọ ihò, wọ́n á fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Ó ti tì." Mo máa ń gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù mi, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ajá alágbára kì í fi eyín jẹ irin, èjìká ló ń lò. Á gbá ilẹ̀kùn, á sinmi, á tún gbá a. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ajá àjèjì kan kọjá lójú títì, akọ tiwa gbá ilẹ̀kùn yẹn, àwọn ìnjìsì sì bó kúrò lára páìpù bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Igbe ni mo gbọ́. Kí n tó jáde, akọ yẹn àti ajá àjèjì náà ti wọ̀yá ìjà láàárín títì, Ìyá Télọ̀ sì ti ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Ọwọ́ ọ̀tún. Èwo nínú wọn ló bù ú jẹ ò yé ẹnikẹ́ni, bóyá kò yé ajá náà gan-an. Gbogbo yín sáré lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀ ń wá aṣọ tí ẹ máa fi di ọgbẹ́. Èmi nìkan ni mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́wọ́ ènìyàn, èmi ń sáré lọ wo irin.

Abo ajá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ lórí pákó rẹ̀, ó ń wò mí. Ilẹ̀kùn ti ṣí níbi ìnjìsì, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń tì í, ìdábùú wà nínú ihò rẹ̀ gbọingbọin, bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀. Tí mo bá ti pariwo nígbà yẹn pé, "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi," ẹ ì bá bú mi, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Mi ò pariwo. Mo gbé ilẹ̀kùn padà sí àyè rẹ̀, mo fi wáyà so ó mọ́ òpó níbi tí ojú ò ti lè tètè rí i. Lẹ́yìn náà ni mo na ọwọ́, ọwọ́ tí ẹ ń wò yìí, mo fa ìdábùú náà jáde kúrò nínú ihò. Abo ajá ń wò mí. Kò tilẹ̀ gbó.

Bàbá dé, wọ́n ń mí gúlegúle. Wọ́n ní, "Mo tì í. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì." Wọ́n wo ìdábùú, wọ́n wo ojú mi. "Wẹ́dà, ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe bá a?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a, Bàbá." Wọ́n fọwọ́ kan ihò tó ṣófo náà. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Àbí mi ò tì í ni?" Ibí yìí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Bàbá. Ọjọ́ orí ni." Ká ní mo bú wọn ni, wọn ì bá bá mi jà. Àánú ni mo fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹ mọ èyí tó kù. Wọ́n kó àwọn ajá lọ fún ìbátan kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ Bàbá. Tí Ìyá Télọ̀ bá fẹ́ jáde, á ti Bàbá mọ́lé, ẹni tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn fún odindi ilé iṣẹ́. Tí Bàbá bá pa omi ẹ̀rọ, wọ́n á ní kí ẹnì kan wá bá wọn wò ó bóyá ó ti pa lóòótọ́. Ìka méjì lọ́wọ́ Ìyá Télọ̀ kò sì lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́. Èmi ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹ̀rọ wá, mo ha páìpù náà, mo jó o bó ṣe yẹ, mo ní mo kàn fẹ́ kó túbọ̀ le ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Nígbà tí ọwọ́ Ìyá Télọ̀ san díẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì rán ẹ̀wù kan fún mi láti fi dúpẹ́. Òun ló wà lọ́rùn mi yìí. Ẹ wò ó, kọ́là rẹ̀ wọ́ sápá kan. Mi ò lè wọ̀ ọ́ títí di òní. Ilé ajá náà ṣì dúró, ó le ju ilé tí mò ń gbé lọ, àpótí àti páálí àtijọ́ ni wọ́n kó sínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ìwà rere ló mú mi sọ̀rọ̀. Gáàsì ni. Ọmọ mi obìnrin wọlé lọ́jọ́ kan, ó gbóòórùn gáàsì, ó ní, "Bàbá mi, ẹ tún ti gbàgbé." Mo ní mo pa á. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ní, "Kò burú, sà. Ọjọ́ orí ni." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dìde lórí ìjókòó lọ wo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán, mo wá ń bẹ̀rù orí ara mi. Nígbà tí ẹni tó ń tún sítóòfù ṣe wá, ó ní rọ́bà rẹ̀ ló ti là, pé kò sẹ́ni tó gbàgbé nǹkan kan. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo bú sẹ́kún, ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Èmi rí ẹni bá mi yẹ rọ́bà tèmi wò. Ẹni tó yẹ kó bá Bàbá yẹ ilẹ̀kùn wò, èmi ni.

Mo lọ bá wọn ní yàrá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Èpè ni mò ń retí. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Nígbà tí o débẹ̀, ìdábùú wà nínú ihò?" Mo ní ó wà níbẹ̀. "Ó wọlé dáadáa?" Mo ní gbọingbọin ni. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé mo tì í. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì jẹ́ kí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi." Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní, "Inú yàrá lo ti ń sọ fún mi. Ṣé inú yàrá ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Ṣí-i-Sílẹ̀? Lọ sọ ọ́ níta. Tí o bá sọ ọ́ tán, kí o wá tọrọ ohun tí o fẹ́ tọrọ." Ìdí tí mo fi pè yín jọ nìyẹn.

Ìyá Télọ̀, òní lò ń gbọ́ ọ. Mo rí i pé o ti fi ọwọ́ yẹn pa mọ́ sábẹ́ aṣọ. Má fi í pa mọ́, èmi ló yẹ kójú tì. Ohunkóhun tí o bá ní kí n ṣe, màá ṣe é, mo sì mọ̀ pé kò lè tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Irin tí ẹ kò jó dáadáa, ẹ lè tún un jó lọ́la. Ọkàn àgbàlagbà tí ẹ fi irọ́ jẹ́jẹ́ tú, mi ò tíì rí iná tí wọ́n fi ń jó o padà.

Bàbá, mo ti sọ ọ́ níta. Ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lóhùn, Ìyá Télọ̀, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ wọn. Tí ilẹ̀ bá ṣú lónìí, kí àwọn ló ti ilẹ̀kùn ilé yìí. Èmi á dúró síta níbí, kí n tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i pé ó ti tì.