Èéfín Àgbébọ̀ Tí Mo Jẹ Ní Ìlemọnà

Ìdí òṣùwọ̀n kan tó bàjẹ́ ni nǹkan yìí ti mú mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún òṣùwọ̀n ṣe fún àwọn oníṣòwò ní Ọ̀fà. Lọ́jọ́ náà, ti ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra gàrí ni mo ń tún ṣe. Ọ̀gá Dáre, ọmọ Èkìtì tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn níbí, fọwọ́ lé àpò kan, ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ ti mọ ìwọ̀n gàrí inú àpò yìí. Ẹ wá bá mi wọn èéfín rẹ̀."

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Katakata tó ro ilẹ̀ jó epo. Ẹ̀rọ tó lọ ẹ̀gẹ́ jó epo. Igi jó lábẹ́ agbada tí wọ́n fi yan án, tírélà tó ń gbé e lọ sí Èkó náà sì ń jó epo tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń tú kábọ́ọ̀nù sínú afẹ́fẹ́, èyí tó ń mú kí ooru ayé máa pọ̀ sí i. Àwọn tó ń ra ọjà wọn ti ń béèrè pé èló ló wà lórí àpò kọ̀ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà, n kò lè rí àpò gàrí kí n má ro ẹrù èéfín tó rù. Mo fi fóònù mi kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo bá awakọ̀ tírélà kan jiyàn lórí epo tó ń jó nígbà tó bá ń bọ̀ lófìfo láti Èkó, torí gàrí tó gbé lọ ló yẹ kó ru ìyẹn náà. Mo ń wọn igi ìdáná ìyàwó mi títí ó fi ní bí n kò bá gbé òṣùwọ̀n kúrò nídìí ààrò òun, èmi ni òun yóò sè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìfẹ́ tí mo ní sí iṣẹ́ yìí sọ́kàn kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Mo ti fi í ṣe ìyá àgbàlagbà kan níbi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà yóò pinnu ẹni tí wọn yóò máa ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibùdó gàrí méjì ni Ọ̀gá Dáre fi sábẹ́ mi, ọ̀kan ní Ọ̀fà, ọ̀kan ní Ìlemọnà. Láàárọ̀, mo máa ń wọn òkìtì igi wọn. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń wọn èyí tó kù. Ohun tó bá dín ni iná jó. Bí igi tí wọ́n dá bá wúwo ju gàrí tí wọ́n yan lọ, ilé-iṣẹ́ náà kò ní bá wọn ṣe mọ́.

Òfin kan ló fún mi: n kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn tí mò ń wọn igi wọn.

Ní Ọ̀fà, òfin náà kò ni mí lára. Ẹnikẹ́ni kò fi omi lọ̀ mí. Àmọ́ ní Ìlemọnà, Alhaja Sìfáwù, olórí wọn, ní àlejò kì í febi kúrò lọ́dọ̀ àwọn.

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Alhaja. N kì í jẹun níbi iṣẹ́."

Ó ní, "Ṣé wọ́n ti sọ fún yín pé àjẹ́ ni wá ni?"

Gbogbo àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Mo jókòó.

Ìyá Rábí ló sè é. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀, òun náà ló mọ gàrí yan jù. Iyán ni, àti àgbébọ̀ adìẹ kan tó ti yé ẹyin fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú. Òwúrọ̀ ló gbé e kaná, ẹran náà kò rọ̀ títí oòrùn fi yí. Wọn kò sì lè se tèmi nìkan kí wọ́n máa dá itọ́ mì, nítorí náà ìkòkò ńlá ni, gbogbo ibùdó ló ń jẹ. Ọjọ́ tí mo bá wá nìkan ni wọ́n máa ń se é.

Ìwọ̀n Ọ̀fà jẹ́ igi kílò mọ́kànlélọ́gọ́rin fún gàrí ọgọ́rùn-ún kílò. Ti Ìlemọnà jẹ́ mẹ́rin lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo kọ ọ́ pé ẹnu ààrò wọn fẹ̀ jù. Mo kọ nípa igi tútù, mo kọ nípa afẹ́fẹ́. N kò kọ nípa adìẹ. Lóòótọ́, kò tíì wá sí mi lọ́kàn nígbà náà.

Ọ̀gá Dáre pè mí. "Bàbá Kúdí, wọn ò fún yín ní nǹkan kan ṣá?"

Mo ní, "Rárá o, ọ̀gá." Mo ṣì ń ta eyín bí mo ṣe ń dá a lóhùn.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo gba ààwẹ̀ sunna lọ sí Ìlemọnà. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọn kò se nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́, ìwọ̀n fi hàn pé igi kílò mọ́kàndínlọ́gọ́rin péré ni wọ́n dá. Mo tún un wọ̀n, bákan náà ni. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n ti gba ìmọ̀ràn mi lórí ẹnu ààrò. Àfi ìgbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ kan, tí mo rí ààrò tí wọ́n ti máa ń se àgbébọ̀. Eérú tútù ló wà níbẹ̀.

Àṣé igi tí mo ń kà sí wọn lọ́rùn, oúnjẹ mi ni. Àwọn tó ń gba rìbá a máa dín in kù fún ẹni tó fún wọn. Èmi jẹun tán, mo fi kún tiwọn.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ gan-an nìyí. Mo sọ fún Ọ̀gá Dáre pé òṣùwọ̀n daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó má ka iye náà. Èmi tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe. N kò lè ṣàlàyé igi kílò márùndínlọ́gbọ̀n láìsọ ibi tí oúnjẹ orí rẹ̀ wọlé sí. Láti ìgbà náà, n kò gba ààwẹ̀ lọ sí Ìlemọnà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọbẹ̀ náà dùn.

Ọ̀gá Dáre kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń fi igi ṣòfò láàárín ara wọn, wọ́n sì dá Ìyá Rábí lẹ́bi, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ń ti igi jù. Alhaja mú un kúrò nídìí agbada, ó ní kó lọ máa bẹ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá náà gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, o ti wọn igi, o ti wọn gàrí. Wá bá mi wọn ọwọ́ mi, kí o sọ ohun tó ṣe é."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí adìẹ tí mo ń sè fún ọ ni kò tó?"

Mo ní, "Ó tó, Ìyá. Ó ti pọ̀ jù."

Àná ni mo ra búrẹ́dì tèmi, mo lọ sí Ìlemọnà, mo bẹ Alhaja pé kó jẹ́ kí Ìyá Rábí yan gàrí fún ọjọ́ kan péré.

Ó ní, "Ẹni tí ẹ fi ìwọ̀n yín lé kúrò ni ẹ tún ń wá?" Nígbà tí mo ní n kò ní jẹun, ó wò mí dáadáa. "Ta ló ṣẹ̀ yín níbí?"

Mo ní èmi ni mo ṣẹ̀, mo sì gbé òṣùwọ̀n. N kò tíì sọ iye tó jáde fún wọn. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Dáre lórí fóònù, ṣùgbọ́n n kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo kọ́kọ́ kọ pé òṣùwọ̀n ló tún ṣe wérewère. Mo pa ìyẹn rẹ́.

Bí mo bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé mi yóò bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá dákẹ́ di ọjọ́ Ẹtì, àwọn obìnrin Ìlemọnà yóò pàdánù ọjà wọn, ìyá náà yóò sì kú pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń fi igi ṣòfò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, ọ̀gá ni àbí ìyá? Ṣé dandan ni kí n dárúkọ adìẹ? Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ará ilé Ìyá Rábí, kó bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ìwọ̀n àná rèé, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fi hàn: gàrí ọgọ́rùn-ún kílò, igi kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó kéré sí ti Ọ̀fà. Ìyá Rábí ló dáná.