Ọ̀rẹ́ Mi Ké sí Mi, N Kò Dáhùn

Ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ dá fún mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, nítorí náà gbére tèmi kò lè gùn mọ́. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí ni n ó kú sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń kọ̀wé sí yín. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lọ sí oko, ẹ má fi àṣìṣe mi rẹ́rìn-ín. Àwọn wọ́dà, tí àwọn ará ibí ń pè ní gandíróbà, máa ń bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ̀yin kì í sunkún bí àwọn tó kù?" Mo ti sunkún tèmi tán nílé. Ẹni tó ru ẹrù fún odindi ọdún méjì, tó wá ríbi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ṣé ilẹ̀ tó sọ̀ ọ́ sí ni yóò máa bá jà?

Abúlé wa kò jìnnà sí Kabba. Èmi àti Sámúẹ́lì la jọ dàgbà níbẹ̀, ọdún kan náà la sì dá oko tiwa. Láti kékeré, Sámúẹ́lì kò pe orúkọ mi rí. "Ọ̀rẹ́" ló ń pè mí, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi kú, Sámúẹ́lì fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó wá ń sùn tì mí fún oṣù kan gbáko.

Ẹnì kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Múfútáù ni, ọmọ Ṣìfáwù tó ń ta gàrí. Yunifásítì ló ń lọ, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́, ó sì ti dé ọdún kẹrin tó jẹ́ ìparí. Iṣẹ́ àṣekágbá kan ló kù kó fi gboyè. Ó fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Owé, èdè wa, kí ẹ̀rọ náà lè máa gbọ́ ọ bí ènìyàn. Nígbà tó wá lo ọlidé nílé, ó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kiri. Orí àpáta tó wà lókè oko Sámúẹ́lì nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa, ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀. Sámúẹ́lì a kí i ní "Okun", bí a ti ń kíni lọ́dọ̀ wa, a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Múfú Kọ̀ǹpútà! Okun o!"

"Okun, Bàbá."

"Ṣé lóòótọ́ ni pé o lọ sí yunifásítì fún ọdún mẹ́rin láti wá bi mí pé kí ni à ń pe igbá?"

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ló ń bi yín, kì í ṣe èmi."

"Ẹ̀rọ tó gbọ́n tó báyìí, tí kò mọ igbá! Sọ fún un kó wá bá mi kọ ebè. N ó kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í dédé tiná bọ igbó. Bí ẹ̀rùn bá dé, Bàbá Ọmọ́níyì, olórí ọdẹ, ló ń dá ọjọ́ rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, oníkálukú yóò ro ilẹ̀ yí ahéré rẹ̀ ká títí yóò fi mọ́, kí iná má baà rí nǹkan jẹ dé ibẹ̀. A ó kó arúgbó àti aláìsàn wá sílé. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ọkùnrin yóò jáde, tí a ó jọ pa ẹran, tí a ó sì jọ pín in.

Lọ́dún náà, mo rí ipa òyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Sámúẹ́lì. Ipa náà pọ̀. Bàbá Ọmọ́níyì ti dá ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́bọ̀ ni èmi lọ, ní ọ̀sán gangan. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju pé kí n dá pa ẹran tèmi kí wọ́n tó pín in kéékèèké fún wa. Èmi tí eyín mi kò pé mẹ́sàn-án mọ́!

Mo mọ̀ pé Sámúẹ́lì wà ní ahéré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè rìn, kò sì tíì lè ro ilẹ̀ yí ahéré náà ká. Tóyìn ọmọ rẹ̀ ti ní òun yóò fi ọ̀kadà gbé e wálé ní ọjọ́ Ẹtì. N kò gbàgbé rárá. Mo kàn sọ fún ara mi pé ìhà odò ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kò ní yí. Mo ṣá ìṣáná kan. Kí n tó rìn dé ibi tí mo ta àwọ̀n sí, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti yí iná padà sí oko.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ọ̀rẹ́! Ọ̀rẹ́ mi o! Wá gbé mi!"

Kò rí mi. Kò mọ̀ pé mo wà nítòsí. Èmi ló kàn máa ń pè bí nǹkan bá le. Láti ibi tí mo wà sí ahéré, ọmọdé lè sọ òkúta débẹ̀. Ọ̀nà ṣì wà. Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Ìgbà náà ni mo rò ó pé bí mo bá gbé e jáde, gbogbo abúlé yóò bi mí pé kí ni mo wá ṣe níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo dá ẹsẹ̀ náà padà. Mo lúgọ sẹ́yìn igi káṣú. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Mo kà á.

Múfú ló sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta, tó bọ́ sínú iná. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi yìí, tó fi ẹ̀wù bo imú, tó ń wọ́ Sámúẹ́lì jáde. Orí itan ọmọ náà ni Sámúẹ́lì dákẹ́ sí. Mo gba ọ̀nà odò, mo ju àwọ̀n sínú kànga gbígbẹ kan, mo wẹ̀, mo sì bá àwọn ènìyàn sáré padà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Wọ́n bá Múfú pẹ̀lú èédú lọ́wọ́, òun nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Òjó Télọ̀ ló kọ́kọ́ pariwo mọ́ ọn.

"Ta ló tún wà lókè yẹn bí kò ṣe ìwọ? Ṣebí ibẹ̀ lo ti máa ń sun iṣu jẹ!"

Ọmọ náà ní kì í ṣe òun. Ó ní, "Mo gbé wọn jáde ni. Ẹ bi Bàbá. Bàbá ni wọ́n ń ké pè títí wọ́n fi dákẹ́." Ó sì nawọ́ sí mi.

Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi. Mo ní, "Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ta ni kó tún pè? Ṣùgbọ́n láti ọ̀nà odò ni mo ti rí ọmọ yìí tó ń ṣáná."

Mo tún un sọ fún ọlọ́pàá, mo sì tẹ̀ka sí i. Wọ́n gbé Múfú lọ. Òjó Télọ̀, Bọ́lájí, Ezekíẹ́lì àti Gàníyù ọlọ́kadà ló gbé òkú Sámúẹ́lì wálé. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú.

Ọdún méjì ni Múfú fi wà ní àtìmọ́lé, tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gboyè, wọ́n ṣe àgùnbánirọ̀, wọ́n ń wá iṣẹ́.

Fúnkẹ́ ọmọ mi ti ra sólà fún mi kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, èmi nìkan ni mo sì ní in ládùúgbò wa. Lọ́jọ́ Ajé kan, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n mú Múfú, ìyá rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Kò jókòó.

"Okun, Bàbá."

"Okun, Ṣìfáwù."

"N kò bá tìjà wá. Múfú ní bí kọ̀ǹpútà yìí bá pẹ́ jù láìrí iná, bátìrì rẹ̀ yóò kú, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi sí ṣáàjì. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni n ó máa gbé e wá."

"Múfú ló ní kí o gbé e wá síbí?"

"Kò sí sólà níbòmíràn. Ó ní kí n kí yín."

Ó ní kó kí mi.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo fi ẹnu ti ọmọ náà mọ́lé ṣe ń ṣáàjì kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iná kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Bí mo bá jókòó ti oúnjẹ, ó ń ṣẹ́jú. Mo fi aṣọ bò ó, mo tún ń ṣí aṣọ wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé tó kẹ́yìn, Ṣìfáwù ní ojú òun ń ṣe bàìbàì, kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tàn. Mo tún tẹ ibòmíràn tí n kò mọ̀. Ohùn Sámúẹ́lì sì jáde sáàárín yàrá.

Ó ń rẹ́rìn-ín. Múfú ń bi í ní orúkọ tí àwọn bàbá wa ń pe ilẹ̀ tí a máa ń ro yí ahéré ká nítorí iná. Sámúẹ́lì rò ó títí. Ó ní, "Ó ti bọ́ lórí mi o. Ọ̀rẹ́ mi ni yóò mọ̀ ọ́n. Bá mi pè é. Ọ̀rẹ́! Ọ̀rẹ́ o!"

Mo dìde dúró. Mo ní, "Mo ń bọ̀."

Orí ìdúró yẹn ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Ṣìfáwù: òyà, ìṣáná, igi káṣú, irọ́. Ìgbà náà ló tó jókòó nílé mi. Ó sunkún, ó fi ìborùn nu ojú, ó sì ní, "Bàbá, ẹ wọ bàtà yín."

Gàníyù gbé àwa méjèèjì sórí ọ̀kadà kan, ó di Kabba. Ọ̀gá ọlọ́pàá wò mí láti òkè délẹ̀. "Bàbá, ẹ padà sílé. Ọjọ́ ogbó ló ń dà yín láàmú."

Ṣìfáwù dá a lóhùn. "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kò padà sílé mọ́."

Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì rí àwọ̀n mi nínú kànga. Lálẹ́ ọjọ́ náà, orí sìmẹ́ńtì ni mo sùn, ẹ̀fọn bò mí, mo sì sùn títí wọ́n fi jí mi. N kò sùn bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjì.

Wọ́n tú Múfú sílẹ̀, ó padà sí yunifásítì. Lóṣù tó kọjá, ó wá síbí.

"Okun, Bàbá."

"Okun, ọmọ mi."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín."

"Ó dáa."

"Mo ti gboyè. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìyá mi ti dárí jì yín, èmi kò tíì ṣe é. Ṣùgbọ́n àyè ọ̀rọ̀ kan ṣì ṣófo nínú iṣẹ́ mi. Bàbá Sámúẹ́lì ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá wọ́dà gbà á láyè, Múfú sì gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ ẹnu mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n tún un sọ, nítorí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn. Mo tún un sọ. Ó fún mi ní ìwé tí mo ń kọ yìí àti báírò kan, ó sì lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pásítọ̀ àti àfáà ti sọ fún yín pé kí ẹ má pànìyàn. Èmi kò mọ̀ tó wọn. Ẹran òyà ni mo fẹ́, ẹsẹ̀ kan ni mo gbé tí mo dá padà. Bí ẹ bá ti ṣe ohun tí kò dáa, tí ẹnì kan sì ń ké nínú rẹ̀, ẹ jáde lọ bá a, kí ojú tì yín. Ojú ti tì mí níwájú gbogbo Kabba, mo ṣì ń jẹun, mo sì ń sùn. Ìtìjú tí mo sá fún lọ́jọ́sí kò tó nǹkan.

Nínú ẹ̀rọ Múfú báyìí, ohùn Sámúẹ́lì wà níbẹ̀, tèmi sì tẹ̀ lé e. Ó pè mí, mo dáhùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀yin, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.