Ìyá Ti Lè Dá Wà, N Kò sì Sọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ti mọ́ mi lára. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé pamọ́ sínú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n fẹ́ kí n wá jókòó láàárín ìdílé méjì, kí n sì dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo mọ ìdáhùn náà. Bóyá ó tọ́ kí n sọ ọ́ ni n kò mọ̀.

Ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn ń pè mí ní nọ́ọ̀sì, àlàyé ti sú mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi yàtọ̀. Ẹni tí àìsàn bá ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mò ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún máa wẹ̀ fúnra rẹ̀, bí yóò ṣe máa wọ aṣọ, kí ó dáná, kí ó sì padà sídìí òwò rẹ̀. Ọjọ́ ayọ̀ wa ni ọjọ́ tí aláìsàn bá lè ṣe nǹkan wọ̀nyí láìsí ìrànlọ́wọ́. Ta ni yóò gbà gbọ́ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló kó mi sí wàhálà?

Ìyá kan wà ní Ìwéré-Ilé. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìyá Múìlì, nítorí kò yẹ kí n dárúkọ rẹ̀ gan-an. Inú oko kaṣú rẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, tí apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Múìlì, àkọ́bí rẹ̀, wà ní Kútọnu; a máa fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í wá. Sìkírátù, ọmọbìnrin rẹ̀, ló ti ilé ọkọ wá láti Ìlọrin. Ó tilẹ̀kùn ìsọ̀ aṣọ rẹ̀, ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ọkọ, ó ní òun yóò padà bí ìyá òun bá ti lè dá wà. Ọkọ rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò lọ, ara ìyá náà ń yá díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, mo gun ọ̀kadà lọ sílé wọn. Nígbà tí a bá fẹ́ mọ ohun tí aláìsàn lè ṣe, a kì í fẹ́ kí ẹbí wà nítòsí, nítorí wọn a máa sáré gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí Sìkírátù lọ sọ́jà. Kò tíì jìnnà tí ìyá náà fi dìde. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó kó igi sí ààrò, ó dáná. Ó fi òkúta há ìkòkò mọ́lẹ̀ kí ó má baà yí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ro ọkà, kò sì ní kókó kankan. Ó bu tèmi sínú abọ́.

"Jẹun jàre," ó ní, "kí o yéé wò mí bí ẹni tó rí òkú tó jí."

Ẹ̀rín pa mí. Mo jẹ ọkà náà. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú oríire o! Kí Sìkírátù tètè dé, kí á jọ sọ fún un."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Má sọ fún un o. Bí ó bá gbọ́, kò ní sùn níhìn-ín lọ́la. Èmi nìkan ni n ó máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Bí mo bá ṣubú, ta ni yóò gbọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò lè sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ìyá tó bí èmi náà dá gbé ní Ìlúà. Mo máa ń pè é lórí fóònù, yóò ní ara òun le, mo sì ń gbà á gbọ́, nítorí ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á gbọ́. Balùwẹ̀ ló ṣubú sí. Àwọn aládùúgbò ló lọ bá òkú rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí wọn kò rí i kí ó ṣílẹ̀kùn. A kò tíì ṣe ọdún rẹ̀ nígbà tí Ìyá Múìlì bi mí léèrè ẹni tí yóò gbọ́.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni Sìkírátù ti wọlé pẹ̀lú ẹrù ọjà. Ìyá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ń kérora. Ọmọ náà rí ìkòkò, ó rí abọ́, ó kúnlẹ̀.

"Háà, Àǹtí nọ́ọ̀sì! Ẹ̀yin lẹ tún ro ọkà fún màámi? Ọlọ́run á bá mi san án fún yín o." Ó bù ú tọ́ wò. "Ẹ tún wá rò ó bíi tiwọn gan-an!"

"Ará Ìlúà ni," ni ìyá dáhùn láti orí ẹní. "Wọ́n mọ ọkà í rò níbẹ̀."

Mo gba ọpẹ́ ohun tí n kò ṣe.

Láti ọjọ́ náà, bí Sìkírátù bá bi mí pé ìgbà wo ni òun lè padà, mo máa ń ní kí á ṣì máa wò ó ná. Wọ́n kọ́ wa pé bí aláìsàn bá finú hàn wá, a kò gbọ́dọ̀ tú àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ mi pé kí n máa purọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ti sú ọkọ Sìkírátù. Ó ní bí ìyàwó òun kò bá dé kí Iléyá tó pé, òun yóò fẹ́ òmíràn. Àbíkẹ́yìn wọn kò tilẹ̀ fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. Sìkírátù ń rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin náà rí i pé n kò lè fi màámi sílẹ̀ báyìí." Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ìdí tí wọ́n fi pe ìpàdé ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Ẹbí ọkọ ń bọ̀ láti Ìlọrin, wọ́n ní èmi ni kí n sọ lójú gbogbo ènìyàn bóyá ìyá náà lè dá wà. Lánàá, mo lọ bẹ Ìyá Múìlì pé kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Mo ní a ó bẹ ìyá ilé kejì kí ó máa yọjú sí i láràárọ̀. Mo wá sọ ti ìyá mi fún un, kí ó lè mọ̀ pé ohun tó ń bà á lẹ́rù yé mi.

"Bí ojú rẹ bá ti rí èyí," ó ní, "kí ló dé tí o fi fẹ́ kí ọmọ mi lọ?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ìyá rí, ẹ̀yin tí ẹ ti fi ilé ọkọ sílẹ̀ nítorí òbí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá dákẹ́, ilé Sìkírátù yóò tú, kò sì ní mọ̀ pé èmi tí òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó tú u. Mo rò pé n ó sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn bá ti lọ, tí ó wá ku èmi àti ìyá náà nínú yàrá, kí ni n ó sọ fún un?