Mo Ní Ọmọ Mi Kò Sí Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí ẹ tó ṣépè fún mi. Mo mọ̀ pé ó máa wù yín láti ṣépè. Èmi gan-an ti ṣẹ́ ẹ fún ara mi títí ó fi sú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn tí mi ò sọ fún pásítọ̀, tí mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Èkìtì, tí mi ò sọ fún Ìyá Bàsírà, aládùúgbò mi tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tèmi àti tirẹ̀. Ó wà lọ́kàn mi pé mi ò ní sọ ọ́ títí wọ́n á fi sin mí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń bọ̀ wálé lọ́jọ́rú tó ń bọ̀, kò sì sí ibi tí mo lè sá sí mọ́.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ Èkìtì ni mí, ṣùgbọ́n Ìgàndò ni mò ń gbé, nínú ilé tí ọkọ mi kọ́ kó tó kú. Ọmọ méjì ni mo bí. Obìnrin ni àkọ́kọ́, kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa tó fi kú. Nígbà tí mo bí èkejì, mo sọ ọ́ ní Dúrótimí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ ọmọ ní irú orúkọ yẹn torí pé ó dùn ún pè. Ẹ̀bẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró tì mí, ó sì dúró. Dúró ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà máa ń gba orí ilé wa kọjá. Láti kékeré ni Dúró ti máa ń ju òkèlè sílẹ̀ tó bá ti gbọ́ ìró wọn, á sì sáré bọ́ síta. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Máa ní, "Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì, ẹ wá jẹ ẹ̀bà yín kó tó tutù o." Mi ò mọ̀ pé ọmọ náà ò fi tirẹ̀ ṣeré.

Nígbà tó jáde ní yunifásítì tí kò rí iṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní lẹ́sìn ní Ìyànà Ìpájà. Ọjọ́ kan ló sáré wọlé, tó ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, irú èyí tó ń kó èrò láti ìlú kan sí òmíràn nílẹ̀ wa níbí, fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ní iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì. Wọ́n máa rán wọn lọ sókè òkun, àwọn ló máa gbé gbogbo bùkátà rẹ̀. Tí wọ́n bá padà dé, wọ́n á máa bá ilé iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́. Òun àti Kúnlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Ẹgbẹ́dá, ni wọ́n jọ fi orúkọ sílẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, mo kí i kú oríire. Nínú mi lọ́hùn-ún, mò ń gbàdúrà kí wọ́n má mú un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Òun nìkan ló kù tí mo ní. Mo sọ fún ara mi pé jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ló ń bà mí lẹ́rù. Irọ́ ni. Ilé ló ń bà mí lẹ́rù, ilé tó jẹ́ pé èmi nìkan ni máa máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀, tí èmi nìkan á sì máa tì í lálẹ́.

Wọ́n ṣe ìdánwò fún wọn, ó yege. Wọ́n tún pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó tún yege níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n lọ máa retí ìpè. Àárín ìgbà yẹn ni fóònù rẹ̀ bọ́ sínú omi. Ó gbé e lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Dopemu, àwọn yẹn sì ń fi òní dónìí fọ̀la dọ́la fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Nọ́ńbà mi ló fi ṣe èkejì nílé iṣẹ́ náà. Àràárọ̀ ló máa ń rán mi létí kó tó jáde.

"Mọ́mì, tí nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀ bá pè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e o. Ó lè jẹ́ àwọn ni."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni fóònù dún. Obìnrin ni. Ó kọ́kọ́ fọ òyìnbó, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó yí i sí Yorùbá.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé màmá Dúrótimí nìyí?"

Mo ní èmi ni.

"Ẹ kú oríire o, mà! Ọmọ yín wọlé. Ó ku kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ní Mọ́ńdè, kí wọ́n wá máa palẹ̀ mọ́ fún ìrìn àjò. Tí kò bá yọjú lọ́jọ́ yẹn ṣá, ẹlòmíì la máa mú. Ẹ bá mi gbé fóònù fún un."

"Kò sí," ni mo sọ. Òótọ́ sì ni, ó ti lọ sí Ìyànà Ìpájà.

"Ìgbà wo ló máa wọlé, mà?"

Ibẹ̀ ni ahọ́n mi ti wúwo. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò gbé ibí mọ́, pé kí wọ́n máa wá ẹlòmíràn lọ. Irọ́ ni mo fẹ́ pa, mi ò ní fi í pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ tán. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Kò sí mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ wo ohun tí mo sọ. Iyọ̀ lè tán kí a ní kò sí mọ́. Epo lè tán kí a ní kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá béèrè ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ìyá náà ní kò sí mọ́, ohun kan ṣoṣo ló túmọ̀ sí. Èmi tí mo fi ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá!

Obìnrin náà figbe ta. "Yé! Kí lẹ wí, mà? Dúrótimí? Ọmọ tó jáfáfá yẹn? Háà! Kí ló ṣe é?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó rò pé ẹkún ni mò ń sun.

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́, mà. Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú ẹ̀ mọ́."

Ohun tí wọ́n sọ fún mi gan-an nìyẹn nígbà tí ọmọbìnrin mi kú. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà yẹn, agbè ṣì wà lódidi. Ti èmi ìyá arúgbó yìí, agbè wo ló kù?

Ààyè wà fún mi láti ṣàtúnṣe. Kí n ṣáà ti ní, "Rárá o, ẹ ṣì mí gbọ́, ọmọ mi wà láàyè." Obìnrin náà ì bá rẹ́rìn-ín, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa imú létí mi, tó ń sunkún nítorí ọmọ mi. Mo ní, "Àmín."

Ẹ jọ̀ọ́, "kò sí mọ́" lè jẹ́ àṣìsọ. Àmín yẹn kì í ṣe àṣìsọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ni.

Mo pa ìpè náà rẹ́ lórí fóònù. Ọ̀bẹ gé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ ju ọ̀bẹ nù, ọ̀bẹ ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Nígbà tí Dúró dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n pè?" Mo ní rárá. Ó béèrè lọ́jọ́ kejì, mo ní rárá. Ó ń béèrè títí ọjọ́ Ajé náà fi kọjá. Lẹ́yìn náà ló yá fóònù Ìyá Bàsírà, ó pe ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó gbé e kò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Ó kàn ní gbogbo ẹni tí àwọn mú ni àwọn ti pè. Kúnlé wà lára wọn.

Ọmọ mi kò sunkún. Ì bá sunkún. Ó kàn ń wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ó dà bíi pé mi ò mọ̀wé tó bí mo ṣe rò." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, pé ohun tí Ọlọ́run bá pèsè ló dáa jù. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bo irọ́ mi. Láti ìgbà náà, tí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá, kò gbójú sókè mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tó rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Mínnà, ó sì gbà á. Ó ní Èkó ti sú òun. Bó ṣe lọ nìyẹn. Ohun tí mo ń sá fún, tí mo tìtorí ẹ̀ fi ẹnu mi pa ọmọ mi, òun náà ló wá bá mi nílé. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè. Á béèrè pé ṣé dáadáa ni mo wà, mo ní dáadáa ni. Á ní ó dàárọ̀.

Ilé yìí dákẹ́. Búrẹ́dì tí mo bá rà máa ń bu kí n tó jẹ ẹ́ dé àárín. Nígbà mìíràn, mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà Ìkòtún láìní ohun tí mo fẹ́ rà, kí n ṣáà lè gbọ́ kí wọ́n pè mí ní màmá. Tí ẹnì kan bá ṣi nọ́ńbà pè sórí fóònù mi, mi ò kì í tètè jẹ́ kó lọ. Máa bi í pé ta ló ń wá, máa bi í pé báwo ni ọ̀nà tọ̀hún. Ìyá Bàsírà máa ń gbá ògiri pè mí pé, "Ìyá Dúró, ẹ jáde síta ká jọ jókòó jàre. Kí lẹ̀ ń ṣe nínú ilé láti àárọ̀?" Máa ní mò ń bọ̀. Mi ò kì í lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá jókòó tì í pẹ́, máa sọ ọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ẹnu ìyá kì í ṣe ẹnu lásán. Tí ọjọ́ Àìkú bá ti ń rọ̀ tí Dúró ò tíì pè, Àmín tí mo ṣe yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Mo ti gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Mo ti sunkún lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí, kì í sì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ nǹkan! Wọ́n ní mo ti kú o!"

Ó ní ilé iṣẹ́ náà tún fẹ́ gba àwọn ọ̀dọ́. Ó ní ọdún yìí ni ọjọ́ orí òun gbà á mọ, ìyẹn ni òun ṣe fọkàn sí i lẹ́ẹ̀kan sí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òun wá sí Èkó fún un, òun ò yà sílé torí òun ò fẹ́ dá ọkàn mi láàmú. Nígbà tó débẹ̀, obìnrin kan wo orúkọ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Ó ní ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí ti kú, ìyá rẹ̀ ló sọ fún òun lẹ́nu ara rẹ̀. Wọ́n rò pé ìwé ẹ̀rí ẹni tó ti kú ló ń gbé kiri. Ó fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n ní ayédèrú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní kó mú òbí rẹ̀ wá lọ́jọ́bọ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó gbàgbé ẹ̀.

Ẹ̀rín náà kúrò lóhùn rẹ̀.

"Ẹ rí ìwà ìkà ọmọ aráyé, Mọ́mì? Ẹnì kan pè wọ́n, ó pe ara ẹ̀ ní ìyá mi! Kúnlé ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Òun nìkan ló mọ̀ pé fóònù mi bà jẹ́, òun náà ni wọ́n sì mú. Mi ò ní gbà á fún un. Ẹ ṣáà wá sọ fún wọn pé mo wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Mo ní, "Máa wá." Mi ò gba Kúnlé sílẹ̀, ọmọ tó ti jẹun nílé mi àìmọye ìgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mi ò bá lọ, ọmọ mi pàdánù ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé, lẹ́ẹ̀kejì, láti ọwọ́ mi. Tí mo bá lọ, obìnrin yẹn á gbọ́ ohùn mi, á sì dá a mọ̀. Mo ti pinnu pé máa lọ. Kò ní jẹ́ ẹnu obìnrin yẹn ni ọmọ mi ti máa gbọ́ ọ. Ẹnu mi ló ti máa gbọ́ ọ, mi ò sì ní retí kó dárí jì mí lójú ẹsẹ̀.

Ó ní òun á wá sùn sílé lálẹ́ Ọjọ́rú, ká lè jọ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sùn nínú ilé yìí pẹ̀lú mi. Mo ti fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀. Mo ti ra iṣu, Ìyá Bàsírà ní òun á bá mi gún iyán. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ò ju ẹyọ kan lọ. Ṣé kí n sọ fún un bó bá ṣe ń wọlé ni, àbí kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun? Tó bá gbọ́ ọ kó tó jẹun, mo mọ ọmọ mi, kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Tó bá sì jẹun tán kí n tó sọ ọ́, á mọ̀ pé mo tún fi nǹkan pa mọ́ fún òun, kí òun ṣáà lè jókòó tì mí díẹ̀ sí i.